Àjọbí, Àjọgbé àti Ohun Tí Ilé-Ifẹ̀ Fi Kọ́ Àwọn Onímọ̀ Àwùjọ

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n ṣàlàyé àwọn kókó èrò inú ìmọ̀ àwùjọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. A mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Olùkọ́ á kọ "àwùjọ" sára pátákó, á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ síwájú; á kọ "àṣà", á kọ "ipò", á kọ "ìdílé". Akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, á há a sórí, á tú u jáde lọ́jọ́ ìdánwò, oṣù tó tẹ̀lé e kò ní bá a lórí rẹ̀ mọ́. Èmi kò ní gba ọ̀nà yẹn lónìí, nítorí Ilé-Ifẹ̀ la wà. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ àwùjọ ti ń wá wo ìlú yìí, ó sì ti ju ẹyọ kan lọ nínú èrò wọn tí Ifẹ̀ tún ṣe fún wọn.

Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, ni pé ìbéèrè ló ń bẹ nínú gbogbo kókó èrò. Ẹnì kan rí ohun tí kò yé e nínú ìṣe àwọn ènìyàn, ó wá orúkọ fún un kí ó lè máa tọpa rẹ̀ káàkiri. Bí orúkọ náà bá jẹ́ ká rí ohun tí ojú wa ń fò dá, ó wúlò. Bí a bá gbé e dé ìlú mìíràn tí kò bá ohun tí a rí níbẹ̀ mu, ẹ má fi tipá ti ìlú náà wọ inú rẹ̀. Kókó èrò náà ni kí ẹ tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo "ìlú ńlá". Ní 1938, Louis Wirth, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ní Yunifásítì Chicago, kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n ṣì ń kà káàkiri ayé. Ó ní ìlú ńlá ni ibi tí èrò pọ̀ sí, tí wọ́n fún mọ́ra, tí wọ́n fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, tí irú wọn sì yàtọ̀ síra. Ó ní níbi tó bá rí bẹ́ẹ̀, okùn ẹbí á dẹ̀, aládùúgbò kò ní mọ aládùúgbò, òwò àti iṣẹ́ nìkan ni yóò máa mú ènìyàn pàdé ọmọnìkejì rẹ̀. Chicago ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́, ohun tó rí níbẹ̀ kì í sì í ṣe irọ́.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1937, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Amẹ́ríkà, William Bascom, ti dé Ifẹ̀ láti ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Northwestern. Ìlú tó bá níbí lọ́ba, ó láàfin, ó lọ́jà, ó ní àdúgbò tó ní olóyè tirẹ̀, ó ní alágbẹ̀dẹ, aláró, onígbàjámọ̀ àti babaláwo. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn ọkùnrin ìlú. Àwọn kan ń lọ sí oko etílé láàárọ̀ tí wọ́n ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn mìíràn ń sùn ní abà fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó padà wọ ìlú. Bí o bá bi ẹni tó ń sùn ní abà pé níbo ni ilé rẹ̀ wà, agbo ilé rẹ̀ láàárín ìlú ni yóò dárúkọ. Ibẹ̀ ló ti ń ṣọdún, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìkànìyàn 1952 jáde, ará Ifẹ̀ lé ní 110,000, ará Ìbàdàn lé ní 459,000. Ṣé a ó wá pe ibi tí èrò pọ̀ tó báyìí ní abúlé nítorí pé àgbẹ̀ ni wọ́n? Bascom kọ̀. Ní 1955 ó kọ̀wé nínú American Journal of Sociology pé ìlú ńlá gidi ni àwọn ìlú Yorùbá. Èrò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n fún mọ́ra, wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ sì pín láàárín wọn, síbẹ̀ okùn ìdílé kò tú. Akin Mábògùnjẹ́ wá fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìlú Yorùbá ní 1962 àti èyí tó kọ lórí bí ìlú ṣe ń dàgbà ní Nàìjíríà ní 1968. Ó fi ọjà, ọ̀nà òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ṣàlàyé ohun tó mú ìlú wa tóbi kí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dé.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí òun gan-an ni ìmọ̀ àwùjọ. Wirth di nǹkan méjì pọ̀: bí èrò ṣe pọ̀ tó, àti bí okùn ẹbí ṣe dẹ̀ tó. Ní Chicago, méjèèjì jọ ń rìn, ó sì dà bíi pé ọ̀kan ló ń fa èkejì. Ifẹ̀ ni èkínní láìní èkejì. Látìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ìlú ńlá ló tú ẹbí ká gbọ́dọ̀ sọ ohun mìíràn tó wà ní Chicago tí kò sí níbí.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kí n tó kúrò lórí Bascom. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin, àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí jáde nínú ilẹ̀. Méjì nínú wọn Bascom rà, ó sì kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1950 ó dá wọn padà. Èmi kò mẹ́nu bà á láti bà á lórúkọ jẹ́; ìdápadà náà ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Ohun tí olùwádìí bá gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ìbáà ṣe ère, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, ìbáà ṣe àṣírí ilé wọn, ó ní ẹni tó ni ín. Kí ẹ tó mú ìwé ìbéèrè dání lọ sílé onílé, kí èyí ti yé yín.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí kókó èrò tó kàn yìí, àjọbí àti àjọgbé, nítorí Ifẹ̀ níbí ló ti hù.

Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn ní 1962, ó kó wá sí ìlú yìí ní 1967, orúkọ rẹ̀ sì di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ sosiọ́lọ́jì ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa nìyí: wọ́n á kọ́kọ́ ka Ferdinand Tönnies, ará Jámánì tó kọ̀wé ní 1887 pé oríṣi ìbágbépọ̀ méjì ló wà, èyí tí ìbátan àti ìfẹ́ so pọ̀, àti èyí tí àdéhùn àti èrè so pọ̀. Wọ́n á wá ka Émile Durkheim, ará Faransé, tó sọ ní 1893 pé níbi tí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn bá jọra, ìjọra yẹn ló so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n níbi tí iṣẹ́ bá ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, àìní tí ẹnì kan ní sí ẹnì kejì ni okùn wọn. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni àwọn méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má fojú di wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kà wọ́n tán ni wọ́n á wá àpẹẹrẹ Yorùbá tó bá èrò náà mu, bí ẹni tó ń wá orí fún fìlà tí a ti rán sílẹ̀.

Ní 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akíwowo dìde ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan láti fi iṣẹ́ rẹ̀ han gbogbo yunifásítì. Àjọbí àti àjọgbé ni orí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1983. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti dáhùn: ṣé àwọn baba wa, tí wọ́n gbé ìlú kalẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kò ní èrò kankan tí a lè fi ṣàlàyé ìbágbépọ̀ ènìyàn, tí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, tí ará Jámánì náà lè yá lò?

Ó lọ sínú ẹsẹ àtẹnudẹ́nu kan tó jẹ mọ́ Ifá, èyí tó ń sọ̀rọ̀ nípa àsùwàdà, bí ohun gbogbo tí a dá ṣe ń wà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Láti ibẹ̀ ló ti fà á yọ pé ẹ̀dá kan ṣoṣo kò lè mú ìwà rẹ̀ pé láìsí àwùjọ tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwùjọ kò lè dúró bí ìwà àwọn tó wà nínú rẹ̀ bá bàjẹ́. Ó wá pín okùn tó so ènìyàn pọ̀ sí méjì. Àjọbí ni okùn ẹ̀jẹ̀, ti àwọn tí ìyá tàbí baba kan náà bí, àti àwọn ọmọ ọmọ wọn. Àjọgbé ni okùn àwọn tí ibùgbé pa pọ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kò pa wọ́n pọ̀.

Ẹni tó bá yára á ní Tönnies ló wọ agbádá yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Oríṣi ìbágbépọ̀ kejì tí Tönnies sọ, àdéhùn ni: mo fún ọ lówó, o fún mi lọ́jà, a ti parí. Àjọgbé kò parí bẹ́ẹ̀. Ayálégbé tó bá wọ agbo ilé kan, tí kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tan, wọ́n á retí rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á bá a ṣọ̀fọ̀, àgbà ilé lè bá ọmọ rẹ̀ wí, òun náà á sì dúpẹ́. Ojúṣe ẹbí ni wọ́n ń ṣe síra wọn láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí ìwé àdéhùn. Kò sí àyè fún irú ìyẹn nínú ìpín Tönnies. Ibẹ̀ ni kókó èrò Akíwowo ti wúlò: ó fi ohun kan hàn tí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ bò mọ́lẹ̀.

Ní 1986, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sosiọ́lọ́jì lágbàáyé bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà kan, International Sociology. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni àpilẹ̀kọ Akíwowo jáde nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì pàtẹ́wọ́ fún un lásán. Moses Akin Mákindé, onímọ̀ ìmọ̀-ọgbọ́n-orí, yẹ ìlànà àsùwàdà náà wò fínnífínní ní 1988. Ní 1990, Láwuyì àti Táíwò kọ èsì sí àwọn méjèèjì, wọ́n ní ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà kò tíì gún tó, àti pé kí a fi wọ́n ṣàlàyé nǹkan kan ni iṣẹ́ tó kù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Raewyn Connell ti Ọsirélíà tún gbé àríyànjiyàn náà yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ ní 2007. Mo fẹ́ràn àríyànjiyàn yìí ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bí i lọ. Ohun tí wọn kò bá bá ọ jiyàn lé lórí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn kò kà á kún.

Ìbéèrè tèmi sí Akíwowo yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwọn. Nígbà tí a bá pe ìlú kan ní àjọgbé, ṣé ohun tó wà níbẹ̀ ni a ń sọ, àbí ohun tí a fẹ́ kó wà? Kò sí ibi tí a ti lè bi ìbéèrè yìí tó dà bí ìlú tí a wà yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àwọn kan nínú gbọ̀ngàn yìí lára, mo sì ń sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá wá ni Ifẹ̀ gbà sílé. Ní àárín àwọn ọdún 1840, Ọọ̀ni Abeweila fún wọn ní ibùdó tiwọn, èyí tó di Modákẹ́kẹ́. Ní 1849 ìjà ti dé. Ó tún dé ní àwọn ọdún 1880. Àdéhùn 1886 tí wọ́n ṣe láti parí ogun Kírìjì ní kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kó kúrò. Ní 1909 ni wọ́n tú ibẹ̀ ká, ní nǹkan bí 1922 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ìjà tún wáyé ní 1981, èyí tó burú jù lọ nínú ìrántí ọ̀pọ̀ wa sì jẹ́ láàárín 1997 sí 2000, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ibi tí olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tuntun yóò wà dá awuyewuye sílẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí jọ ń gbé fún ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún. Ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń fẹ́ra wọn, débi pé àjọgbé ti bí àjọbí: àìmọye ènìyàn ló wà tí ìyá rẹ̀ ti Modákẹ́kẹ́ wá tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ifẹ̀. Bí gbígbé pọ̀ bá ń bí okùn, kí ló dé tí okùn yìí fi ń já?

Ẹni tó bá dáhùn pé ìkórìíra ni, kò tíì ṣàlàyé nǹkan kan. Ìkórìíra gan-an ló ń fẹ́ àlàyé. Ẹ wo ilẹ̀. Ẹni tó gba ilẹ̀ ro lọ́wọ́ onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀, èyí tí kò ju iṣu díẹ̀ tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ láyé àtijọ́, tó wà láti fi jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Iṣu àti àgbàdo, ọdún kan ni. Bó o bá kórè tán, ilẹ̀ ti ṣófo, ó lè padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Kòkó dé, ó sì yí i padà. Igi kòkó á máa so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ni oko tí igi tí baba rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wà lórí ilẹ̀ baba mi? Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, owó kòkó gòkè, ìṣákọ́lẹ̀ di kòkó gbígbẹ tí a ń wọ̀n, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Onílẹ̀ ń rí ẹni tó fẹ́ gba ogún rẹ̀. Àgbẹ̀ ń rí ẹni tó ń gba èrè òógùn rẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì rí wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Nítorí náà àjọgbé nìkan kò tó. A nílò kókó èrò mìíràn tí yóò dúró tì í, ìyẹn ipò: ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò, ìran mélòó ni àlejò fi ń jẹ́ àlejò, ta ló láṣẹ láti dáhùn ìbéèrè yẹn? Nígbà tí ohun tí a ń pín kò bá níye lórí púpọ̀, àjọgbé lè bo ìyàtọ̀ ipò mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí owó bá ti wọ inú ilẹ̀ náà, tàbí tí ìjọba bá gbé ọ́fíìsì wá tí ibì kan ṣoṣo lè gbà, ìyàtọ̀ náà á yọ. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á.

Báwo ni a ṣe ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò? Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Kókó èrò kò ṣeé fojú rí. Ẹ gbọ́dọ̀ wá àmì tó ṣeé rí, tó ṣeé kà, kí ẹ sì ṣọ́ra pé àmì náà kò ń tàn yín. Ẹ wo "ìdílé" nínú ètò ìkànìyàn: àwọn tó ń gbé pọ̀ tí wọ́n sì ń jẹ nínú ìkòkò kan náà. Ẹ gbé ìyẹn lọ sí agbo ilé aláya mẹ́ta. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ìkòkò tirẹ̀ àti àpò owó tirẹ̀, baálé ń jẹun lọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ méjì ń sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà, àgbà ọkùnrin kan wà ní abà. Ìdílé mélòó nìyẹn? Jane Guyer, tó ti ṣèwádìí lórí àwọn àgbẹ̀ Ìbàràpá, kìlọ̀ ní 1981 pé a kò gbọ́dọ̀ rò pé ilé kan ní àpò owó kan ní ilẹ̀ Áfíríkà. Bí ìjọba bá pín ìrànwọ́ fún "olórí ìdílé" láìmọ èyí, obìnrin tó ń bọ́ ọmọ lè máà rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí irú èyí ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú kékeré wo ìtumọ̀ tí ẹ bá fún nǹkan; ebi lè pa ẹnì kan nítorí rẹ̀.

Fún àjọgbé, èésú ni mo rò pé ó lè jẹ́ àmì tó dára. Ẹ má ṣì í mú fún àjọ tí alájọ ń gbà kiri lójoojúmọ́, tí yóò yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀ lóṣù. Nínú èésú, ènìyàn bíi mẹ́wàá á máa dá iye kan náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi àdéhùn sí, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Ó ti wà nínú ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bascom kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí ní 1952. Ní Trinidad, níbi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ, susu ni wọ́n ń pè é dòní.

Ẹni tó kọ́kọ́ kó owó lè sá lọ. Ẹni tí yóò kó kẹ́yìn ti fi owó rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn yòókù nígbà mẹ́sàn-án, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìwé, láìsí lọ́yà. Orúkọ àwọn tó wà nínú èésú kan, àti bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, jẹ́ ẹ̀rí ẹni tí wọ́n fọkàn tán débi tí wọ́n fi lè fi owó wọn lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rí yìí dájú ju kí a bi ènìyàn pé ṣé ó fẹ́ràn aládùúgbò rẹ̀ lọ, torí kò sẹ́ni tí yóò ní rárá.

Ẹ lọ sí ọjà Odò-Ògbé. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyálọ́jà, ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú àwọn tí wọ́n jọ ń dá èésú ni wọ́n bá tan, mélòó ni wọ́n jọ ń gbé àdúgbò, mélòó ló wá láti Modákẹ́kẹ́ tàbí Ifẹ̀, mélòó ni wọn kò tilẹ̀ mọ ilé rẹ̀, àfi ìsọ̀ rẹ̀. Kí ẹ wá bi wọ́n pé àwọn wo ni wọ́n ń gbà láyè kí wọ́n kọ́kọ́ kó. Bí okùn àjọgbé bá lágbára bí Akíwowo ṣe fi yé wa, aládùúgbò yóò máa tètè kó bí ẹbí ṣe ń tètè kó, ẹni tí kò bá wọn tan tí kò sì bá wọn gbé yóò máa wà lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ará ìsọ̀ tí wọn kò mọ ilé rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó ṣáájú, a jẹ́ pé okùn kẹta kan wà tí àwọn méjèèjì tí a mẹ́nu bà kò kà, kò sì tíì lórúkọ nínú ìwé kankan tí mo mọ̀.